Ìpolówó Ohun Mímu Ààwẹ̀

Ìyá mi, ẹ kú ààwẹ̀ o. Ara mi le ní ìlú Ikpinlè níbí tí mo ti ń ṣe tíṣà.

Mo fi ìpolówó rédíò kan kọ́ kíláàsì mi bí ọ̀rọ̀ ṣe ń fa èèyàn mọ́ra: "Ẹni tí kò bá fi ohun mímu wa ṣínu, ààwẹ̀ rẹ̀ kò dùn." Mo ní, "Kí ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí ń wá?"

Wàsílátù nawọ́. "Bàbá mi ni, Màdáàmù. Ó fẹ́ kí ọjà òun tà ni."

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín kí n tó rántí pé bàbá rẹ̀ ni onílé mi.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ìṣínu tí onílé ń gbé fún wa ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ayálégbé yòókù. Ẹ má ṣèyọnu, gààrí wà. Wàsílátù náà kò wá sí kíláàsì mọ́. Bóyá ara rẹ̀ ni kò yá.

Ẹ bá mi kí Àkànmú àbúrò mi. Ṣé òun ló ṣì ń sùn ní yàrá mi nílé?

Ràhámátù yín