Ìrìn Ayé Bàbá Wa, Lachlan Beith, Ẹnjiníà Ọkọ̀ Lady Ardlamont (1931–2023)

Ìlú Tarbert, létí omi Loch Fyne, ni a ti bí Bàbá wa, Olóògbé Lachlan Gilchrist Beith, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 1931. Hector Beith, apẹja ṣáwá, ni bàbá wọn. Grizel, ọmọ Gilchrist láti Skipness, ni ìyá tó bí wọn. Láti ìran dé ìran ni ìdílé Beith ti ń pẹja, síbẹ̀ kò sí ẹnìkan nínú wọn tó mọ̀ wẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá já sínú omi tó tutù tó bẹ́ẹ̀, ìwẹ̀ kò ní gbà á là, ṣe ni yóò kàn pẹ́ kí ó tó kú.

Bàbá kàwé ní Tarbert títí di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní 1946 wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ní Greenock. Ní 1955 wọ́n di igbákejì ẹnjiníà nínú Lady Ardlamont, ọkọ̀ olóoru àtijọ́ tí kẹ̀kẹ́ onípákó ńlá méjì ń tù lápá ọ̀tún àti òsì, tó máa ń kó èèyàn lọ gbafẹ́ ní etíkun, tí yóò sì dá wọn padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù keje ọdún 1962 ni ìdílé yìí kò lè gbàgbé. Ọkọ̀ ń lọ sí Tighnabruaich pẹ̀lú ọ̀ọ́dúnrún èrò. Wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń kọrin, òjò ń pa wọ́n, kò sẹ́ni tó kà á sí. Bí wọ́n ṣe dé ibi tí omi ti há láàárín erékùṣù, ìtì igi kan kó sínú kẹ̀kẹ́ apá òsì, kẹ̀kẹ́ sì dúró gbagidi. Wọ́n ju ìdákọ̀ró, kò rí ilẹ̀ dì mú. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọkọ̀ lọ sórí àpáta.

Ẹnìkan ní láti wọ inú àpótí tó bo kẹ̀kẹ́ lọ gé igi náà, ṣùgbọ́n ọ̀gá ẹnjiníà sanra ju ẹnu ihò rẹ̀ lọ. Bàbá mú ayùn àti àáké, wọ́n so okùn mọ́ ìbàdí, wọ́n ní kí ẹ́ńjìnnì dúró pátá.

“Ọ̀gá, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o. Bí kẹ̀kẹ́ yìí bá yí lẹ́ẹ̀kan péré, ẹran lílọ̀ lẹ máa kó fún ìyá mi.”

“Wọlé jàre,” ni ọ̀gá dáhùn. “Mo ti jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì.”

Ogún ìṣẹ́jú ni Bàbá fi gé igi nínú òkùnkùn ibẹ̀, tí ìgbì ń bò wọ́n dé ọrùn. Ìka ọwọ́ òsì wọn méjì fọ́. Nígbà tí igi já, a lè sọ òkò láti orí ọkọ̀ kó ba àpáta.

Olùkọ́ ọ̀dọ́bìnrin kan láti Paisley, Una Shearer, wà lára èrò tó di okùn náà mú. Bí wọ́n ṣe fa Bàbá jáde, tí kẹ̀kẹ́ tún yí, tí ọkọ̀ sì yà kúrò lójú àpáta, ló bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ wẹ̀.

“Rárá o.”

“O ò mọ̀ wẹ̀, o wá kó sínú omi? Ṣé orí ẹ pé?”

“Èmi ò kó sínú omi, àǹtí. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo wọ̀; omi ló wá ká mi mọ́bẹ̀.”

Oṣù kẹrin ọdún 1964 ni Una di ìyàwó Bàbá, ó sì di Màmá wa.

Ní 1971, ẹni tó ni ọkọ̀ fẹ́ tú u tà bí irin àlòkù. Bàbá kò gbà. Wọ́n kó ará ìlú jọ, wọ́n rà á, wọ́n sì fi ọdún mẹ́sàn-án ha ìpẹtà rẹ̀ títí ó fi tún padà sójú omi. Èèyàn mẹ́tàlá ló kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mẹ́rin jẹ́ obìnrin. Wọ́n tún jẹ́ alàgbà ìjọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń sùn bí ìwàásù bá gùn. A kò ní parọ́ mọ́ òkú.

Màmá wa lọ ní 2015. Ní oṣù kẹjọ ọdún yìí, Bàbá wọ Lady Ardlamont gẹ́gẹ́ bí èrò fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n jókòó sókè, wọ́n ń wo àwọn òkè bí wọ́n ṣe ń kọjá.

“Gbogbo ọdún tí mo fi ń gba ibí kọjá, ìsàlẹ̀ ni mo wà. Kí ló dé tí ẹnìkan ò sọ fún mi pé ó rẹwà tó báyìí?”

“Bàbá, ojoojúmọ́ ni Màmá ń sọ fún yín.”

“Mo rò pé ó ń pọ́n ọn lé ni.”

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, lẹ́ni ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, Ishbel, Torquil àti Elspeth, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje àti ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì.

Ẹ sùn re o, Bàbá Ishbel. Ilẹ̀ Tarbert á rọ̀ yín lára. Ẹ bá wa kí Màmá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé òótọ́ ni wọ́n sọ.