Ọjọ́ Tí Ẹgbẹ́ Wa Bá Borí

Dádì mi,

Ẹ kú ìrójú bọ́ọ̀lù Sátidé. Kóòṣì kẹta rèé ní sáà yìí, síbẹ̀ ìsàlẹ̀ Premier League la ṣì wà.

Ẹ bi mí bóyá mo ti ní ọ̀rẹ́ ní Toronto. Mo ti ní, sà. Uncle Mákindé ni, tí wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Bolton, ìlú kan nítòsí Toronto níbí, kì í ṣe ti England. Bí wọ́n bá ti nà wá, Uncle á máa dúró dè mí ní Mọ́ńdè:

"Ìyá Olófò! Mẹ́rin sí òdo! Ṣé aṣọ́lé yín ń sùn ni?"

Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ní kíláàsì ilé ìwé mi níbí, oníkálukú ló ki ẹ̀rọ orin bọ etí, wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ tí a borí, Uncle kàn wo káàdì mi, wọ́n ní kí n kọjá. N ò gbọ́ Yorùbá mọ́ títí ẹ fi pè ní Sọ́ńdè.

Ẹ má bínú, sà. Nígbà tí ẹ̀ ń gbààwẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa ní Sátidé, èmi ń bẹ Ọlọ́run kí wọ́n nà wá. Ó gbọ́. Ẹ̀rù kan ló kù: Uncle ní tí wọ́n bá lé wa kúrò ní Premier League, àwọn kì í bá òkú ṣeré.

Ẹ bá mi kí Mọ́mì. Ẹ sọ fún wọn pé ọ̀rẹ́ mi ń kí wọn.

Ìdẹ̀raolúwa yín