Àpótí Orí Òrùlé Àbúrò Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà

"Bí ọ̀kan nínú wọn bá dákẹ́, àwọn yòókù á gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó ti dákẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni Ẹnjiníà wí nínú gbọ̀ngàn àdúgbò lónìí, ọwọ́ lẹ́yìn, àyà níta, bí ẹni tó ń gbé òfin bọ̀ láti orí òkè. Ó dánu dúró kí a lè pàtẹ́wọ́. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pa á. Ọmọ àbúrò mi ni, èmi ni mo kọ́ ọ ní A-B-D. Bí n kò bá pàtẹ́wọ́, ta ni yóò pa á?

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹnjiníà ti fagi lé àwọn àgbà.

Ohun tó gbé wá ni àpótí kékeré, kò ju páálí ìṣáná méjì lọ. Sẹ́ńsọ̀ kan á máa wọn omi lábẹ́ afárá òkè. Àwọn àpótí orí òrùlé wa á máa gba ìròyìn náà lọ́wọ́ ara wọn, láti ilé dé ilé, títí yóò fi dé ọ́fíìsì rẹ̀ nísàlẹ̀, kí omíyalé má tún ká wa mọ́lé bíi ti èṣí. Kò lo síìmù, kò lo dátà. Ti àdúgbò nìkan ni. Iná tó ń jẹ kò tó nǹkan: bátìrì kan, ọdún mẹ́wàá.

Ohùn kan láti ẹ̀yìn: "Ọdún mẹ́wàá! Ẹ bi í bóyá èmi náà á lò tó bẹ́ẹ̀, kó tó kàn án mọ́ mi lórí."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín. Olóríkunkun ni — àbúrò mi, bàbá Ẹnjiníà, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dá gbé lókè lọ́hùn-ún látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. A kì í bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó gé igi ọsàn tí bàbá wa gbìn, torí pé ewé rẹ̀ ń dí gọ́tà òun. Mo ní ọwọ́ bàbá wa ló gé yẹn. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ kíláàsì mi. Ọdún kẹta rèé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Wọ́n kan tèmi. Iná pínníṣín kan wà lára rẹ̀, mo lè rí i láti ojú fèrèsé yàrá.

Ẹnjiníà ṣàlàyé: "Ìyá Tíṣà, ti Bàbá ò lè dé ìsàlẹ̀ láì gba ọ̀dọ̀ yín. Ìgbàkígbà tí iná yìí bá ṣẹ́jú, tiwọn ló ń bá tiyín sọ̀rọ̀."

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àpótí ti gbọ́n ju àwọn tó ni wọ́n lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Iná ṣẹ́jú. Olóríkunkun wà láyé nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

N kò ní purọ́ fún ìwé ara mi: mo ti ń kí iná náà. Bí mo bá ti ṣí kọ́tìnnì láàárọ̀, "O jí bí, alágídí?" Á ṣẹ́jú. Èmi tí mo fi ogójì ọdún bá àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ní kíláàsì wí, èmi ni mo ń bá gílóòbù tó kéré ju ẹ̀wà lọ sọ̀rọ̀.

Ẹnjiníà yà wá jẹun. Ó ti kan òmíràn sí ilé ìfọkọ̀, kí ọ̀nà má baà jẹ́ ẹyọ kan. Ó ní àwọn àpótí náà mọ bí wọ́n ṣe ń wo ara wọn sàn. Mo ní bí wọ́n bá wo ara wọn sàn, ta ló máa sọ fún ọ pé wọ́n ṣàìsàn? Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Tíṣà, ẹ ò yí padà o."

Ìdáhùn kọ́ nìyẹn. Láyé ọjọ́sí, òdo ni màá fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Òjò. Iná ṣẹ́jú. Ó jí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìkọ̀wé mi rí wúruwùru lónìí, kí ẹni tó bá máa kà á forí jì mí — kò sì sẹ́ni tó máa kà á.

Télọ̀ sáré dé láàárọ̀, obìnrin tí ilé rẹ̀ dojú kọ ti Olóríkunkun. "Tíṣà, ẹ dákun. Láti ìrọ̀lẹ́ àná bàbá ò ṣí fèrèsé. Mo kanlẹ̀kùn títí." Mo fẹ́ sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, pé iná ṣẹ́jú láìpẹ́ yìí. Mo sọ ọ́. Ó wò mí bí ẹni ń wo arúgbó.

A gòkè. Káfíńtà àdúgbò já ilẹ̀kùn. Ó wà nílẹ̀, láàárín ibùsùn àti àga, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá àbúrò mi sọ láti ọdún mẹ́ta: "Dìde." Bí ẹni ń pàṣẹ fún ọmọ kíláàsì. Kò dìde.

Àpótí rẹ̀ wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ síkúrúdíráfà. Télọ̀ ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí bàbá ti tú u: ihò ìṣó tí wọ́n fi kàn án ń jẹ́ kí òjò jò sórí ibùsùn. "Ó ní òun á sọ fún ọmọ òun bó bá fẹsẹ̀ kan débí. Mo bi í pé ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ̀yin ti gbọ́? Ó ní ẹ ó rí i fúnra yín, pé iná yín á kú."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù mo bi Ẹnjiníà: iná tó ń ṣẹ́jú fún mi láti ọ̀sẹ̀ kan, ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀?

Ó yẹ fóònù wò. "Ilé ìfọkọ̀ ni, Ìyá. Nígbà tí àpótí Bàbá kú, ìròyìn gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ wò ó, kò sí ìròyìn kankan tó sọnù." Ó sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Ìgbà náà ni etí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Ó dojú kọlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń kí àwọn afọkọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Rọpárọsẹ̀. Dókítà ní ó ń gbọ́ wa, àmọ́ ọ̀rọ̀ lè padà, ó lè má padà. Ọwọ́ òsì ṣì ń ṣiṣẹ́.

Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, ẹnu ti pọ̀. Ẹnjiníà: "Bàbá fẹ́ sinmi." Àbúrò rẹ̀ obìnrin, lórí fóònù láti ìlú òkèèrè: "Bàbá ò lè dá gbé mọ́, àwọn náà mọ̀." Nígbà tó di ọ̀sán: "Bàbá ti ní ká ta ilé náà, ká mú àwọn lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó."

"Ẹnu wo ló fi sọ ọ́?"

"Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Wọ́n lọ jẹun, ó ku àwa méjì. Mo ṣe ìdánwò fún un.

Ṣé ilẹ̀ ti ṣú? (Ọ̀sán gangan.) Ó mi orí.
Ṣé nọ́ọ̀sì ni ìyá wa? Ó mi orí.
Ṣé èmi ni mo gé igi ọsàn? Ó mi orí.

Mo bú sẹ́rìn-ín, mo fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ tó ṣì dáa náà gbéra díẹ̀. N kò mọ̀ bóyá àìsàn ni tàbí ìyẹ̀yẹ́. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀yẹ́, òun gan-an nìyẹn.

Mo sọ fún Ẹnjiníà pé mímì orí yẹn kò já mọ́ nǹkan kan, ó ń mi ín sí ohun gbogbo. Ó ní, "Àwàdà ni wọ́n ń bá yín ṣe."

Bó bá mi orí sí tèmi, àwàdà. Bó bá mi orí sí tiwọn, ìfọwọ́sí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ẹnìkan wá wo ilé náà. Ó fi téèpù wọn gbogbo yàrá. Ó yin gọ́tà, ó ní ó mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo gbé àga mọ́ ibùsùn rẹ̀. Mo bi í jẹ́jẹ́: "Ṣé o fẹ́ kúrò nílé rẹ?"

Kò mi orí.

Mo tún bi í. Ó tẹjú mọ́ mi, ọrùn rẹ̀ dúró gbagidi bí òpó. Ẹnjiníà wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ní "Ṣé o rí i?" Ó ní, "Ó ti rẹ̀ wọ́n, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn."

Mo ní èmi á kó lọ bá a gbé lókè. Yàrá wà, mo sì lókun nínú ju bí mo ṣe rí lọ. Ó dì mọ́ mi. "Ẹ̀yin náà ti dàgbà. Bàbá ò ní fẹ́ kí ìyà jẹ yín."

Bàbá ò ní fẹ́. Ẹni tí kò tíì fẹ́ ìtura fún mi rí láti kékeré!

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Wọ́n gbé e yà sílé lónìí láti kó aṣọ. Ó ń lọ sí ilé ìtọ́jú nìyẹn. Ẹnjiníà àti káfíńtà gbá a mú lápá méjèèjì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú un jáde, ó fi ọwọ́ òsì di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó dì í mú gan-an — bí ó ṣe máa ń di sítíárìn mú. Káfíńtà dúró, ó ń wò wá.

Ẹnjiníà ní, "Bàbá ń dágbére fún ilé."

Ó wá ń tú àwọn ìka náà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní rẹ́ ẹ jẹ: ó tú wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ rere ni. Gbogbo àdúgbò ló sọ bẹ́ẹ̀, Télọ̀ nìkan ló wọlé tó tilẹ̀kùn.

Mo tẹ̀lé wọn dé ìdí ọkọ̀. Olóríkunkun jókòó sẹ́yìn, kò wò mí, ilẹ̀kùn ilé ló ń wò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi Ẹnjiníà. Ó ní òjò ń bọ̀, ó ti gíláàsì sókè.

Mo ti dé ilé. Òjò dé lóòótọ́. Àpótí tuntun ti wà lórí òrùlé Télọ̀, iná tèmi ń ṣẹ́jú dáadáa, kò sí ìròyìn kankan tó sọnù. Mo kọ ìbéèrè náà síbí, kó lè wà níbì kan:

Bí bàbá rẹ kò bá fẹ́ lọ, báwo ni ì bá ṣe sọ ọ́?