Ọrùn Múfútàù

Ìsọlọ̀, Sátidé, Oṣù Kẹfà 1976

Díẹ̀ ló kù kí n pa Múfútàù, tí a jọ ń gbé yàrá, lónìí.

Ọ̀gá júdò wa l'Óṣòdì ló ní kí n kọ́ ọ bí a ṣe ń fún èèyàn lọ́rùn. Mo ṣàlàyé dáadáa, èmi ọmọ pólì: "Bó bá ti le jù, fọwọ́ gbá mi lápá, màá tú ọ sílẹ̀."

Mo fi apá dì í lọ́rùn láti ẹ̀yìn. Kò gbá mi. Mo rò pé ọrùn rẹ̀ le ni, mo bá fún un sí i. Àfi bó ṣe rọ̀ sí mi lọ́wọ́ bí àkísà tútù.

Mo ń pariwo orúkọ rẹ̀.

Nígbà tó jí, mo bi í pé kí ló dé tí kò gbá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wá máa lù yín lójú gbogbo èèyàn ni?"

Ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ n'Ísẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, èmi ni wọn ìbá sì mú.

Ó ti sùn báyìí, ó ń hanrun. Ó pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun, kó má hanrun mọ́. Ní báyìí, bó bá dákẹ́ díẹ̀, màá mì í títí á fi tún bẹ̀rẹ̀.