Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Ẹ-Yíjú, Olùdarí Eré Tí Wọ́n Fi Ẹ̀yìn Ṣe

Nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ ni wọ́n bí ìyá wa sí ní oṣù kẹrin ọdún 1948. Ìyá wọn ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Bàbá wọn jẹ́ káfíńtà, ọmọ káfíńtà. Màmá ni àbíkẹ́yìn. Kí wọ́n tó mọ ìwé kà ni wọ́n ti ń gbé ṣẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà wọ̀ láti fi wọ́n ṣeré fún àwọn ẹ̀gbọ́n wọn. Ìyá wọn nà wọ́n nítorí rẹ̀. Wọn kò jáwọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún 1954. Wọ́n parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ọdún 1967, wọ́n sì gba oyè yunifásítì nínú ìmọ̀ tíátà ní ọdún 1973. Ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin ni wọ́n ti ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní kíláàsì wọn kì í jókòó títí yóò fi gbóhùn sókè. “Ẹni tó wà lẹ́yìn náà mú etí wá,” ni wọ́n máa ń wí.

Ní ọdún 1975 wọ́n fẹ́ bàbá wa, oníṣẹ́ iná mànàmáná. Bàbá wa ń so wáyà ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ náà nígbà tí Màmá bá wọn wí nítorí ariwo àkàbà. Bàbá wa ní, “Ẹni tí kò mọ̀ mí rárá tó ń bá mi wí báyìí, tó bá wá mọ̀ mí ńkọ́?” Wọ́n fẹ́ra wọn. Bàbá wa ló ń tan iná sí gbogbo eré tí Màmá darí, títí Bàbá fi papòdà ní ọdún 2011.

Ní ọdún 1988, obìnrin kan tó ń darí eré ní òkè òkun mú obìnrin mẹ́ta wá sí ọ̀dọ̀ Màmá, kí wọ́n lè jọ ṣe eré nípa àwọn obìnrin tí ìlú ń wò kọjá. Màmá náà wá mẹ́ta: ẹni tó ń gbá títì, opó tí wọ́n lé jáde nílé ọkọ, àti obìnrin kan tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn ní ilé tó ti ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ó ti ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta kí ẹni tó jalè gan-an tó jẹ́wọ́. Òfin kan ni Màmá fi lélẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ìtàn ara rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ ni yóò sọ ọ́, ní èdè ẹni tó ni ín. Àwọn àlejò kọ́ èdè wa; àwọn tiwa kọ́ tiwọn.

Ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà. “Ọmọ mi ń lọ sílé ọkọ,” ló wí. “Bí àwọn àna bá rí ojú mi níbẹ̀, ó parí nìyẹn.” Màmá ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní fipá mú un fi ojú hàn.

Kò sí gbọ̀ngàn tó gbà wọ́n láti fi eré kọ́ra. Ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ ìyá Màmá ni wọ́n lò. Oníbàárà lè wọlé nígbàkigbà láti gba aṣọ, nítorí náà gbogbo wọn kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, wọ́n kọjú sí ògiri níbi tábìlì ìlọṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ní oṣù kẹta ọdún 1989, gbọ̀ngàn ńlá kan fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ kan péré. Aṣọ ìtàgé ṣí. Ẹ̀yìn mẹ́fà ni àwọn òǹwòran rí! Ohun tó ti mọ́ àwọn obìnrin náà lára ni wọ́n ṣe: wọ́n kọjú sí ògiri. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kígbe pé, “Ẹ yíjú síbí o! Ṣé ògiri ló ra tíkẹ́ẹ̀tì ni?” Ọ̀gá gbọ̀ngàn sáré bá Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé: “Màdáámù, ẹ ní kí wọ́n yíjú, ẹ̀tẹ́ rèé!” Màmá dáhùn pé, “Mo ti ṣèlérí. Ẹni tó bá fẹ́ yíjú á yíjú.” Bàbá wa béèrè bóyá kí àwọn pa iná. Màmá ní kí wọ́n fi kún un.

Nígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n, ní èdè wa, pẹ̀lú ohùn tí kò tíì dán: “Mi ò jalè. Abọ́ ni mò ń fọ̀ nígbà tí wọ́n wọlé mú mi. Ọmọ mi wà lẹ́yìn mi.” Ẹ̀rín tán nínú gbọ̀ngàn. Níbi ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n náà fúnra rẹ̀ ti yíjú. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó gbé ojú rẹ̀ sókè sínú iná, ó sì dúró. Àwọn yòókù yíjú tẹ̀ lé e, lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, ariwo gba àjà kan!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ obìnrin tó ṣẹ̀wọ̀n náà wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. “Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ yíjú lánàá?” “Èmi ni.” “Ẹ wá ká sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa. Ẹni tó lè dúró níwájú gbogbo ayé lè jókòó ní pálọ̀ mi.” Ìgbéyàwó náà wáyé ní ọdún yẹn.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe ìyá wa ní Màmá Ẹ-Yíjú. Wọ́n gbé eré náà lọ sí ọ̀pọ̀ ìlú àti òkè òkun títí di ọdún 2003. Wọn kò yọ kíkẹ̀yìn náà kúrò nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, obìnrin kan kì í yíjú títí eré yóò fi parí. Màmá kì í bi í ní ìdí.

Nínú ìjọ, Màmá ló ń kọ́ àwọn tó ń ka Bíbélì. Pásítọ̀ sọ pé ẹ̀rù Màmá ń ba òun ju ti bíṣọ́ọ̀bù lọ. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti sọ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ti bí wọn, di ibi tí àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n ti ń kọ́ṣẹ́. Ó ṣì wà ní ṣíṣí.

Màmá sùn nínú Olúwa ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Wọ́n fi ẹ̀gbọ́n obìnrin kan sáyé lọ, ọmọ mẹ́rin: nọ́ọ̀sì, káfíńtà, olùkọ́ àti atanná ìtàgé, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, àti ẹni tó kọ́kọ́ yíjú, tí àwa ọmọ ń pè ní Màmá Kékeré.

Lẹ́yìn kíka ìtàn yìí, Màmá Kékeré àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú eré náà yóò dúró ti pósí, wọn yóò kẹ̀yìn sí ìjọ. Ẹbí ń bẹ̀ yín, ẹ má pè wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ yíjú á yíjú.

Màmá, ẹ̀yin náà ti kẹ̀yìn sí wa. A kò ní pariwo. Ẹ sinmi dáadáa. Lọ́jọ́ àjíǹde, ẹ ó yíjú.