Ohun tí Ẹ Ṣe fún Eku, Ẹ Bá Mi Ṣe É fún Kẹ́hìndé

Igbudu, Wárì,
Oṣù Kejì, 1977.

Ràhímù, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà ní Ìbàdàn, nítorí àlàáfíà ti wọ́n nínú ilé wa.

Kókó ọrùn Kẹ́hìndé àbúrò rẹ ti tó ọsàn báyìí. Kò lè gbé oúnjẹ líle mì mọ́. Ẹ̀kọ gbígbóná ni mò ń fi ṣíbí fún un mu. Owó epo ń ṣàn nílùú yìí, dókítà òyìnbó wà níhìn-ín, síbẹ̀ èyí tó yẹ̀ ẹ́ wò ní jẹjẹrẹ ni, a pẹ́ kí a tó gbé e wá. Ẹkún ni mò ń sun nídìí àtẹ aṣọ mi.

Lẹ́tà rẹ ni mo dì mú. O ní níbi iṣẹ́ ìwádìí yín, ẹ mú àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbèjà ara láti inú eku tí ara rẹ̀ le, ẹ fi wọ́n sára eku tó ní jẹjẹrẹ, kókó náà sì dẹ́kun àtimáa dàgbà. O ní àfi kí àwọn eku náà jẹ́ ìran kan náà, kí ara má bàa kọ ohun tí wọ́n fún un. Ràhímù, ta ló tún bára mu ju Táyé àti Kẹ́hìndé lọ? Èmi tí mo bí wọn gan-an ń ṣì wọ́n pè.

Mo mọ̀ pé o ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì kan ènìyàn. Ta wá ni ẹ ń tọ́jú eku fún? Láti ìgbà tí mo ti ń ta aṣọ ni mo ti ń dẹ pàkúté fún eku. Lónìí, eku ni mò ń jowú.

Mo ka lẹ́tà náà fún Táyé. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ní, "Mama, na Kẹ́hìndé first send me come taste this world. Make e send me again." Ó ti di ẹrù rẹ̀. Jọ̀ọ́, lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá rẹ, kí ó mú ti ara Táyé fún Kẹ́hìndé. Sọ pé ìyá rẹ ló rán ọ. Tó bá ti gbà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wọ mọ́tò tó bá kọ́kọ́ jáde.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o sunkún àbúrò. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á di ìwòsàn fún un. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò rí oorun sùn,
Wúlẹ̀mọ̀tù.

Ọ̀rọ̀ kan kù: Kẹ́hìndé gbọ́ wa láti inú yàrá. Ó pè mí, ó ní, "Mama, the rat wey dem comot the thing from im body, e still dey alive?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní òun ni ẹ̀gbọ́n, òun ò ní rán Táyé níṣẹ́ kankan títí a ó fi mọ̀. Mo yẹ lẹ́tà rẹ wò títí, o kò kọ ọ́ síbẹ̀. Bí eku yẹn bá wà láàyè, tètè kọ̀wé sí wa. Bó bá ti kú, Ràhímù, má fèsì.