Káàdì Tí N Kò Kà Sókè

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń gbàgbé ojú mi. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́. Wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn láì di ògiri mú. Wọ́n ní kí ẹ má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ṣeré o.

Ìdíje gọ́ọ̀fù ọdún yìí ti parí, ìpele kejì yẹn náà ni mo ṣì wà. Nígbà tí ẹ ń bá mi gbé àpò ọ̀pá, ẹ kì í jẹ́ kí n fọwọ́ sí káàdì tí wọ́n ń kọ èsì sí láì ka iye tí mo gbá ní ihò kọ̀ọ̀kan sókè. Mo ní ẹ ń sọ mí di ọmọ jẹ́léósinmi lójú ẹgbẹ́, mo ní kí ẹ máa lọ. Ẹ lọ lóòótọ́, ẹ sì lọ jìnnà.

Níbi ìdíje tó kẹ́yìn, ipò kẹta tó máa gbé mi gòkè ni mo wà. Ẹni tí a jọ gbá ló ń kọ iye tèmi, bí òfin ṣe wí. Ó ṣèèṣì kọ mẹ́rin sí ihò keje tí mo gbá márùn-ún. Mo fọwọ́ sí i wàràwàrà. Òfin ò gbà kéèyàn fọwọ́ sí iye tó kéré sí èyí tó gbá, ni wọ́n bá yọ orúkọ mi pátá. Àfọwọ́fà ni.

Ẹ foríjì mí. Tí ara yín bá gbà á, ẹ padà wá gbé àpò náà. Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú rinjú láyọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yìí sókè kí n tó fọwọ́ sí i.

Àbúrò yín.